Máìkì Tí Wọ́n Ní Mo Bà Jẹ́

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí Tíṣà Adéjọbí ní kí n kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, kí n gbé àpótí máìkì lé orí. Ọjọ́ Ìkórè ni, ní Iléṣà, lọ́dún 2003. Ìtàn ìfẹ́ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ yẹn kò ní mọ ìdí tí ìfẹ́ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Tíṣà ni olórí akọrin wa. Òun náà ló ń kọ́ wa ní kíláàsì karùn-ún nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìjọ wa kan tó ń gbé lókè òkun ló fi máìkì náà ránṣẹ́, nínú àpótí igi kékeré tí wọ́n fi aṣọ àrán pupa tẹ́ nínú. Èmi ni mo kéré jù nínú àwọn tó ń kọ ohùn òkè, Tíṣà sì fẹ́ràn mi, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èmi ló rán pé kí n lọ gbé e wá láti yàrá àlùfáà. Lójú ọ̀nà, àpótí náà yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó bọ́ sórí koríko. Kò ṣí. Igun rẹ̀ kan ló họ díẹ̀ lára òkúta. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Tíṣà, èmi fúnra mi ni mo sọ fún un. Ká ní mo dákẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀.

Wọ́n so máìkì pọ̀, kò fọhùn. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n gbá a lórí, wọ́n pààrọ̀ wáyà. Kò fọhùn. Tíṣà yíjú sí mi.

"Ìwọ lo bà á jẹ́."

"Sà, kò ṣí."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo fi ẹnu ara rẹ sọ pé ó bọ́?"

Bí mo ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn ń gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìkórè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ síwájú pẹpẹ. Ìyá mi, Ìbíjọkẹ́, dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó gba àpótí lórí mi, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ Tíṣà, ó fà mí lọ́wọ́ jáde. Kò tún wọ ilé ìjọsìn yẹn mọ́.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo ní mi ò lọ sílé ìwé. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n nà mí. Mo ní àfi tí Tíṣà bá sọ níwájú ìjọ pé òun purọ́ mọ́ mi, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní jókòó níwájú rẹ̀ láéláé. Tíṣà kò sọ nǹkan kan, èmi náà kò padà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin mú mi lọ sí Òṣogbo, ó kọ́ mi ní iṣẹ́ àtúnṣe rédíò. Ìyá mi kó lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì. Olóríkunkun ni gbogbo mọ̀lẹ́bí ń pè mí. Mi ò bá wọn jiyàn.

Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mo ti ní sítúdíò tèmi ní Òkè-Báálẹ̀, ní Òṣogbo. Yàrá kan péré ni. Mo fi fóòmù bo ògiri, mo tẹ́ rọ́ọ̀gì sílẹ̀, mo gbé tábìlì ńlá kan sí igun, ibi tí a ti ń so iná sì wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ so nǹkan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ bí aláǹgbá. Ẹ̀yìn ògiri mi gan-an ni ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Kàósárà, aránṣọ. Gbogbo ohun tí mo bá ń ṣe ló ń gbọ́, gbogbo ohun tó bá ń rán ni mò ń gbọ́.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni Phebe wọlé. Ó wọ sùẹ́tà aláwọ̀ ewé, ó di ìwé eléèpo líle kan mọ́ àyà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ ń gba ohùn sílẹ̀?"

"Èmi ni. Irú orin wo ni?"

"Tèmi ni. Èmi ni mo kọ wọ́n. Mi ò fẹ́ ìlù, mi ò fẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Gìtá kan àti ohùn mi ni."

"Ta ló máa ta gìtá?"

Ó wo gìtá mi tó wà lára ògiri, ó tún wò mí. "Mo rò pé ẹ̀yin ni."

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ní Abéré. Ìdó-Ọ̀ṣun ló ń gbé. Mo kọ ọ́ sínú fóònù mi ní "Phebe Abéré", orúkọ tí mo sì mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn fún oṣù mélòó kan. Ó sọ pé Iléṣà ni wọ́n bí òun sí. Mo ní ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí, mo sì yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí mi ò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni bi mí nípa Iléṣà.

Máìkì tí mo ní nígbà náà ni irú èyí tí àwọn olórin máa ń dì mú lórí ìtàgé. Alágídí ni. Ohun tó bá súnmọ́ ẹnu rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí nìkan ló ń gbọ́. Òjò lè máa rọ̀ lórí páànù, Àǹtí Kàósárà lè máa tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò ní dá wọn lóhùn. Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Phebe kọrin sí i, tí mo sì gbé orin náà fún un kó gbọ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tó wà nínú kòkò. Gìtá mi ń dún bí páálí.

"Ṣé bí ohùn mi ṣe rí nìyí?"

"Rárá. Máìkì ni."

"Tó bá jẹ́ ohùn mi ni, ẹ sọ fún mi o. Mi ò ní sunkún."

"Màá sọ fún yín tó bá jẹ́ ohùn yín ni. Kì í ṣe ohùn yín."

Mo ti gbọ́ ohùn náà pẹ̀lú etí ara mi, nínú yàrá kan náà, mo sì mọ ohun tó sọnù nínú rẹ̀. Mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé kejì, mo yá máìkì mìíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Station Road. Etí irú èyí fẹ́lẹ́. Ó ń gbọ́ ìka tó ń yọ̀ lórí okùn gìtá. Ó ń gbọ́ èémí kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ìyà tó wà nínú rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí kì í gbọ́: ọ̀kadà, àkùkọ, omi tó ń kán. Mo kan ògiri.

"Àǹtí Kàósárà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá ẹ̀rọ dúró díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

"Orin kan péré."

"Ìyàwó ọ̀sìngín kan ń dúró de bùbá níbí o. Orin kan péré."

Nítorí pé máìkì kan ṣoṣo ni, tó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ àwa méjèèjì, àárín wa ni mo gbé e sí. Ẹnu Phebe wà lókè rẹ̀, gìtá mi wà nísàlẹ̀. Bí mo bá dojú máìkì kọ ihò gìtá, ohùn gìtá á máa bú bí ìgbà tí èèyàn ń gbá ilẹ̀kùn. Bí mo bá dojú rẹ̀ kọ ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ara rẹ̀, á tutù. Bí Phebe bá jìnnà jù, yàrá á wọ inú ohùn rẹ̀. Bó bá súnmọ́ jù, gbogbo èémí rẹ̀ á máa gbá máìkì. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan àti ìka méjì ló dára jù. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, láti ẹnu rẹ̀ dé ara máìkì. Orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyí?" ó bi mí.

"Bí wọ́n bá ní máìkì méjì, wọn kì í ṣe é báyìí."

"Ẹ má ra ìkejì nígbà náà."

Mo tẹjú mọ́ okùn gìtá bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé ṣe ń tẹ̀ lé Sátidé. Nígbà tó di ìkeje, Àǹtí Kàósárà yọjú wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó yọ ọ́ kúrò kó lè sọ̀rọ̀. "Wallahi, mo ti pa ẹ̀rọ mi fún ẹ̀yin méjèèjì fún Sátidé méje. Bí èyí kò bá yọrí sí ìgbéyàwó, ẹ̀yin lẹ máa bá mi rán aṣọ tó kù nílẹ̀."

Phebe rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí. Obìnrin yìí jáde yunifásítì, ó ń lo kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ìjọba. Èmi, bí mo bá fẹ́ kọ ìwé ránṣẹ́ sí oníbàárà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo máa ń kà á kí n tó fi ránṣẹ́.

Mo sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ tí mo sìn ín dé Ìdó-Ọ̀ṣun.

"Phebe, mi ò kàwé o."

"Mo mọ̀."

"Kíláàsì karùn-ún ni mo ti dúró."

"Ẹ ti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹrin."

"Mo fẹ́ kó yé ọ dáadáa ni. Mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Ó yé mi," ó ní. Ó dúró, ó kọjú sí mi. "Ìwọ ni kò yé pé mo ti gbà látọjọ́ tó o ti ń fi ọwọ́ wọn ẹnu mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti pè mí ní ẹ̀yin mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ ilé wọn fún mi. Ó ní tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá òun, àti pé bí mo bá dé ilé wọn, ìwé ló máa kọ́kọ́ kí mi. Lára fíríìjì: TI ILẸ̀KÙN YÌÍ KÓ DÚN. Lára jẹnẹrétọ̀: YẸ EPO WÒ KÍ O TÓ FÀ Á. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń kọ déètì sí. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mi ò bèèrè orúkọ rẹ̀. Iléṣà tóbi, tíṣà sì pọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi gba máìkì rẹ̀ padà. Orin Phebe tó dára jù kò tíì parí, mi ò sì lè padà sórí máìkì alágídí. Phebe ní kí n má dààmú.

"Máìkì kan wà lórí wọ́dúróòbù bàbá mi látìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Ìwọ tó o kọ́ àtúnṣe rédíò, bóyá wàá rí i ṣe."

Ó gbé e wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ó yọ ọ́ nínú báàgì, ó gbé e lé orí tábìlì. Àpótí igi ni. Igun rẹ̀ kan họ.

Mo fi ìka kan ibi tó họ náà.

"Kí ni orúkọ bàbá ẹ?"

"Adéjọbí. Kí ló dé?"

Mo ṣí àpótí. Aṣọ àrán pupa náà ti ṣá. Mo yọ máìkì, mo dojú bolẹ̀ sábẹ́ tábìlì, mo so iná, mo so wáyà mọ́ míksà, ẹ̀rọ tó ń pa ohùn pọ̀. Ohun tí ogún ọdún iṣẹ́ ti kọ́ mi ni pé irú máìkì yìí kì í fọhùn fúnra rẹ̀. Iná díẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ara míksà gba inú wáyà wá bá a. Bọ́tìnì kékeré kan ló wà fún un, lẹ́yìn míksà, níbi tí ojú kì í tètè dé. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ lè fẹ́ atẹ́gùn sí máìkì títí ọdún á fi yípo, kò ní dá a lóhùn.

Mo tẹ bọ́tìnì. Nínú ẹ̀rọ tí mo fi bo etí, mo gbọ́ èémí Phebe. Mo gbọ́ Àǹtí Kàósárà tó ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri.

Máìkì náà kò bàjẹ́ rí.

Inú mi kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀. Mo rò pé àìmọ̀ ni. Mo ní bóyá Tíṣà kò mọ̀ títí di òní. Ìgbà tí mo fẹ́ dá máìkì padà sínú àpótí ni mo rí ìwé tó wà lábẹ́ aṣọ àrán. Phebe gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á sókè: "Tẹ bọ́tìnì ẹ̀yìn míksà kí o tó lo máìkì yìí. Kò bàjẹ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2004. Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi ni."

Mo ṣírò rẹ̀. Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn Ìkórè ọjọ́sí. Ká ní ó pè mí nígbà náà, ǹ bá ti padà sílé ìwé.

Mo jókòó sórí rọ́ọ̀gì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí koríko dé orí ìkúnlẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Màá gbé ìwé yìí lọ síwájú ìjọ."

"Bàbá mi ni, Múyìwá."

"Ìyá mi náà sì ni ẹni tó wá gba àpótí lórí mi."

"Tó o bá fẹ́ fẹ́ mi, wàá dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ mọ̀mínmọ̀ọ́. Kò sí bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́."

"Àyà mi kò ní kan ilẹ̀ níwájú ọkùnrin yẹn títí yóò fi sọ ọ́ jáde lẹ́nu."

Ó mú ìwé orin rẹ̀, ó lọ. Ó fi àpótí sílẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi rí i. Mo gbọ́ pé ó sọ orúkọ mi fún bàbá rẹ̀, pé bàbá náà bèèrè ọmọ ta ni mí, pé nígbà tó gbọ́ "ọmọ Ìbíjọkẹ́", ó ní rárá, ọkùnrin tí kò parí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló máa fẹ́ ọmọ òun. Phebe kò sọ fún un pé òun ti ka ìwé inú àpótí. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ kó jẹ́ bàbá náà ló máa fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

Àǹtí Kàósárà gbé iṣẹ́ alárinà lé ara rẹ̀ lórí. Mo ní, "Àǹtí, ẹ̀yin Mùsùlùmí, ilé olórí akọrin lẹ fẹ́ lọ?" Ó ní, "Ṣé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ẹ̀bẹ̀?" Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló wá jíṣẹ́.

"Ó gbà mí dáadáa. Ó fún mi ní mọ́ọ̀tì tó tutù. Ọmọlúwàbí ni, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dárúkọ ẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀. Ó ní o ò kàwé. Mo ní, 'Sà, ta ló lé e kúrò níbi ìwé?'"

"Kí ló sọ?"

"Ó dìde. Ó ní iṣẹ́ kan ń dúró de òun lẹ́yìn ilé. Wallahi, Múyìwá, mo yọjú wò ó. Kò sí iṣẹ́ kankan lẹ́yìn ilé yẹn. Ó kàn dúró ti kànga, ó ń wo inú rẹ̀."

Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún mi.

Ní gbogbo oṣù náà, máìkì alágídí ni mo ń lò fún àwọn oníbàárà. Orin Phebe tí kò parí ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Ní àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, màá ṣí i. Kì í ṣe orin náà ni mò ń gbọ́. Èémí tó mí kó tó bẹ̀rẹ̀ ni. Màá gbọ́ ọ, màá dá a dúró níbẹ̀, màá tún un gbọ́.

Ìyá mi pè mí lórí fóònù.

"Múyìwá, èmi ni wọ́n dójú tì. Èmi ni mo gba àpótí lórí ẹ. Bí èmi bá ní ó tó, ṣé kò tíì tó lójú tìẹ?"

"Kò tíì tó, Màámi."

"Wá sí ulé ká jọ sọ ọ́."

Mi ò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi. Mo ti fi fóònù ya fọ́tò ìwé Tíṣà. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó, mò ń ro bí màá ṣe dìde nínú ìjọ, bí màá ṣe kà á, bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń ro ojú Tíṣà, ojú Phebe ni mo rí níbẹ̀, lórí àga iwájú, láàárín àwọn akọrin, tó ń wo bàbá rẹ̀. Mo pa fọ́tò náà rẹ́. Mo fi ìwé náà padà sábẹ́ aṣọ àrán, mo ti àpótí, mo gbé e fún Àǹtí Kàósárà.

"Ẹ bá mi dá a padà fún un. Ẹ ní mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Ọwọ́ òun nìkan ló kù sí."

"Ṣé wàá dọ̀bálẹ̀ báyìí?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Olóríkunkun," ó ní, ṣùgbọ́n ó rọra gbé àpótí náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mọ́tò kan dúró síwájú sítúdíò. Phebe ló kọ́kọ́ sọ̀, nínú sùẹ́tà aláwọ̀ ewé rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìyá mi sọ̀. Ẹni tó sọ̀ tẹ̀ lé e ni Tíṣà Adéjọbí, tí gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun, tó di àpótí mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ní, "Ó wá sọ́dọ̀ mi ní Ìpetu lọ́jọ́bọ̀. Ó jókòó sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi fún odidi wákàtí kan, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ra ìtì kan, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo ní tó bá wá mú mi, a jọ máa lọ bá ọmọ mi, ibẹ̀ ló ti máa sọ ọ́."

Tíṣà dúró láàárín yàrá, ó ń wo fóòmù ara ògiri, ó ń wo gìtá. "Múyìwá," ó ní.

"Ẹ káàárọ̀, sà." Mo dúró gbọnrangandan.

"Lọ́jọ́ Ìkórè tó ń bọ̀, màá dìde níwájú ìjọ. Mo ti sọ fún àlùfáà pé mo ní ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Mo ti gbìyànjú níwájú dígí, kò jáde. Bí a ṣe máa ń ṣe fún orin nìyẹn, a kì í kọ ọ́ nínú ìjọ láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ fi kọ́ra. Ibí ni mo fẹ́ ti fi kọ́ra. Bá mi so ó pọ̀."

Ó na àpótí sí mi. Mo gbà á. Mo yọ máìkì, mo gbé e sórí igi rẹ̀. Ó wá ku iná. Mo wo abẹ́ tábìlì, mo wo Tíṣà tó dúró sí iwájú tábìlì náà gan-an, mo tún wo abẹ́ tábìlì. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo dojú bolẹ̀, àyà mi kan rọ́ọ̀gì, orí mi wà lẹ́bàá bàtà rẹ̀.

"Àlùhàmdúlílàhì," Àǹtí Kàósárà sọ láti ẹnu ọ̀nà, "ó ti dọ̀bálẹ̀."

"Wáyà ni mò ń so, Àǹtí."

"Mo ríran. Àyà kan ilẹ̀."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín Phebe láàárín tiẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta. Wáyà náà ti wọlé tipẹ́. Mo ṣì wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ju bí wáyà kan ṣe yẹ kó pẹ́ lọ.

Nígbà tí mo dìde, mo na ọwọ́ sí ẹ̀yìn míksà. Tíṣà dá mi dúró.

"Jẹ́ kí èmi tẹ̀ ẹ́."

Ó yípo tábìlì. Kò wá a. Ìka rẹ̀ lọ tààrà sórí bọ́tìnì náà, ó tẹ̀ ẹ́, iná pupa kékeré tàn. Ó padà síwájú máìkì. Phebe wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, apá rẹ̀ kan apá mi. Àǹtí Kàósárà ti pa ẹ̀rọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kan ògiri. Mo fi ẹ̀rọ bo etí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ó ń gbọ́?"

"Ó ń gbọ́, sà. Ẹ súnmọ́ ọn díẹ̀ sí i."

"Ìwọ̀n wo?"

"Àtẹ́lẹwọ́ kan àti ìka méjì."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, bó ṣe máa ń wọn nǹkan ní kíláàsì. Ó súnmọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ó mí, mo sì mọ èémí náà. Bí èémí Phebe gan-an ló rí, èyí tí mo ti ń dá dúró láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò dá a dúró.

"Èmi Adéjọbí," ó ní, "ní ọjọ́ Ìkórè, ọdún 2003, mo ní kí ọmọ kan kúnlẹ̀ níwájú yín nítorí máìkì. Máìkì náà kò bàjẹ́. Èmi ni mi ò mọ̀ pé bọ́tìnì kan wà tó yẹ kí n tẹ̀. Kò pé ọdún kan tí mo fi mọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ, mo gbé e sórí wọ́dúróòbù, mo sì ń wo ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ru ohun tó jẹ́ tèmi kiri. Olúmúyìwá, ọmọ Ìbíjọkẹ́, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ó sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo purọ́."